Èdè-Ìperí fún Àṣẹ inú Kọ̀ǹténà Kọ̀ǹpútà àti fún Oríṣi Ààrò Átọ́ọ̀mù

1.0 Ìfáárà

Ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, kò jìnnà sí ibi tí àdúgbò náà gbé bá Bàrígà pààlà, ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Ibẹ̀ ni ìwé ìkésíni, kàlẹ́ńdà, ìwé ìpolongo àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti ń jáde lójoojúmọ́. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ti kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ìwé náà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rìákítọ̀, kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn àǹfààní oríṣi kan mọ́ ti òmíràn. OpenMC ni wọ́n lò, ètò ìṣirò níútírọ́nù tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní Massachusetts Institute of Technology ní 2011, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Inú kọ̀ǹténà ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n ní kí a bá wọn ka ìwé náà kí atẹ̀wé tó ṣe pléètì.

A kà á. Èdè rẹ̀ dán mọ́rán, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ti kó bá akẹ́kọ̀ọ́ kan kí a tó tẹ ìwé náà rárá, àwọn mìíràn sì wà tí ìbá sọ òtítọ́ di irọ́ lójú gbogbo ẹni tí ó bá kà á. Ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá fún ohun ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ tọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe. Kò gbọdọ̀ tọ àfiwé tí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ, àyàfi bí àfiwé náà bá ti di ohun tí àwa náà ń fi ojú wa rí.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú apá kejì ní 1990, ti la ọ̀nà fún wa: a lè ṣe àpèjúwe iṣẹ́, a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, a sì lè yá ọ̀rọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dojú kọ. Ẹ̀rọ kò sí nínú ohun tí ó bá wọn dé ibẹ̀.

2.0 Kọ̀ǹténà àti àwòṣe

Kọ̀ǹténà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀nà láti sé ètò kan mọ́ àyè tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo fáìlì tí ó nílò, kí ó má baà fi ọwọ́ kan ti ẹlòmíràn lórí ẹ̀rọ kan náà. Gbòǹgbò èrò náà ti wà nínú Unix láti 1979, pẹ̀lú àṣẹ tí a ń pè ní chroot. Docker, tí ó jáde ní 2013, ni ó sọ ọ́ di ohun tí tẹrú-tọmọ ń lò. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò fi àfiwé wọn pamọ́: àmì Docker ni ẹja àbùùbùtán tí ó ru kọ̀ǹténà ẹrù sẹ́yìn.

Ìwé pẹlẹbẹ náà pè é ní 'àpótí'. A kò gbà. Inú àpótí ni a ń kó aṣọ sí; kò sí ẹni tí ń gbé inú àpótí ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹténà tí ó gúnlẹ̀ sí Àpápá a máa padà di ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà: a ó gé fèrèsé sí i, a ó fa iná wọ̀ ọ́, ènìyàn yóò sì jókòó sínú rẹ̀ tí yóò máa tajà. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí ti ní ìtumọ̀ tí ó bá a mu lójú ará Èkó, nítorí náà kọ̀ǹténà ni kí ó máa jẹ́.

Èyí tí ó le ni 'image'. 'Àwòrán' ni ìwé náà kọ. Àwòrán jẹ́ ohun tí a ń wò fún wíwò nìkan. Èyí tí à ń sọ yìí jẹ́ ohun tí a ń wò ṣe òmíràn, àwòṣe. Nígbà tí a ń ṣàlàyé eléyìí fún àwọn olùkọ́ náà, atẹ̀wé tí ó jókòó tì wá dá sí i, ó ní, 'Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé bíi ti pléètì ni?' Bẹ́ẹ̀ ni, bíi ti pléètì ni. Láti ara pléètì kan ni a ti ń tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Ẹni tí ó ra ẹ̀dà kan lè fi bírò kọ ohun tí ó bá wù ú sí i. Pléètì kò mọ̀, ẹ̀dà tí a bá sì tẹ̀ lẹ́yìn èyí kò ní ní ohun tí ó kọ nínú. Ẹni tí ó fẹ́ kí àtúnṣe dé inú gbogbo ẹ̀dà ní láti padà sídìí pléètì. Bákan náà ni àwòṣe àti kọ̀ǹténà rí. Ohun tí a bá kọ sínú kọ̀ǹténà, inú kọ̀ǹténà yẹn nìkan ni ó wà. Bí a bá pa kọ̀ǹténà náà rẹ́, ó bá a lọ. Bí a bá fẹ́ kí nǹkan ṣẹ́kù, a gbọ́dọ̀ kó o sí ibi ìpamọ́ tí ó wà lóde kọ̀ǹténà, èyí tí a dábàá pé kí a máa pè ní 'àká', bí a ti ń pe ibi tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí.

3.0 Dídá sílẹ̀, jíjí àti pípàṣẹ sínú

Wàyí o, a dé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé pàdánù iṣẹ́. Docker ní àṣẹ mẹ́ta tí ìwé náà da pọ̀: 'run', 'start' àti 'exec'. 'Sáré' ni wọ́n fi túmọ̀ àkọ́kọ́, 'mú un sáré' ni wọ́n fi túmọ̀ àwọn méjì yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Bàrígà, ẹni tí wọ́n fún ní àdàkọ ìwé náà láti dán an wò, wọ inú kọ̀ǹténà, ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì pa kọ̀ǹténà náà rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí pé kí a máa tún ilé ṣe bí a bá ṣe tán. Ní ọjọ́ kejì ó 'mú un sáré'. Kọ̀ǹténà tuntun ni ó bá, iṣẹ́ àná kò sí níbẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Èdè ni kò pààlà.

Iṣẹ́ àwọn àṣẹ náà yàtọ̀. Èkíní mú àwòṣe, ó dá kọ̀ǹténà tuntun sílẹ̀ láti ara rẹ̀, ó sì mú kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkejì jí kọ̀ǹténà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí a ti dá dúró. Ẹ̀kẹta kò dá ohunkóhun sílẹ̀, kò sì jí ẹnìkan. Kọ̀ǹténà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó ń pàṣẹ mìíràn sí nínú. A dábàá ìdásílẹ̀, ìjí àti ìpàṣẹ-sínú. Bí a bá pàṣẹ sínú kọ̀ǹténà tí ó ti dúró, àṣẹ náà kò ní wọlé. Bí olórí iṣẹ́ tí ó gbé kọ̀ǹténà ró bá sì parí, àṣẹ tí a pa sínú rẹ̀ yóò kú pẹ̀lú rẹ̀; nígbà tí a bá tún jí kọ̀ǹténà náà, olórí iṣẹ́ nìkan ni yóò padà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'sáré' àti 'mú un sáré' kò lè fura sí ọ̀kankan nínú ìyàtọ̀ wọ̀nyí.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní agbègbè Akọkà a máa wí pé, 'mo ti rọ́ọ̀nù ẹ̀'. A kì í bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí a bá yá 'rọ́ọ̀nù' wọ inú ìwé, a yá gbogbo àìdánilójú rẹ̀ pẹ̀lú.

4.0 Èkùrọ́ kan tí ó bá a mu, èkejì tí kò bá a mu

Ọ̀rọ̀ 'kernel' hàn ní apá méjèèjì ìwé náà, 'èkùrọ́' ni wọ́n sì pè é níbi méjèèjì. Níbi kan, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tún lè bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo ààrò tí a ń pè ní TRISO jẹ́ hóró yùréníọ̀mù tí kò tó mìlímítà kan ní fífẹ̀, tí a fi ìpele kábọ́ọ̀nù àti ti sílíkọ́ọ̀nù kábáídì bò yíká. Ẹni tí ó bá ti pa ẹyìn rí ti mọ̀ ọ́n: èkùrọ́ nínú, eepo líle lóde rẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó sé tirẹ̀ mọ́.

Ní ti kọ̀ǹpútà, òdìkejì pátápátá ni. Àwọn kọ̀ǹténà tí ó wà lórí ẹ̀rọ kan kò ní 'kernel' tiwọn. Ti ẹ̀rọ náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ilé oníyàrá-púpọ̀ tí ó kún Bàrígà, èyí tí ará Èkó ń pè ní 'face-me-I-face-you', ni ó jọ: yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ilé ìdáná, ọ̀kan ni òrùlé. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó ní 'kernel' tirẹ̀, ni a lè fi wé fúláàtì. Nítorí náà ni kọ̀ǹténà ṣe fúyẹ́ tí ó sì ń yára jí. Nítorí náà pẹ̀lú ni ó fi jẹ́ pé bí òrùlé bá la, gbogbo yàrá ni òjò yóò wọ̀. Bí a bá wá pe ohun àjùmọ̀lò yìí ní èkùrọ́, òǹkàwé yóò rò pé kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ bí ẹyìn ti ní tirẹ̀, yóò sì fi ọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Ọ̀rẹ́ wa kan dábàá 'alárenà', nítorí pé òun ni ó ń dúró láàrin ètò àti ẹ̀rọ. Àbá náà dùn mọ́ wa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárenà a yẹ̀bá. Èyí kì í yẹ̀bá láéláé. 'Ètò ìpìlẹ̀' ni a fi sí ibẹ̀.

5.0 Ààrò, adínrékù àti ìjánu

'Rìákítọ̀' ni ìwé náà kọ, a kò sì ní fa ìwé ẹni tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ya. 'Ààrò átọ́ọ̀mù' ni àbá tiwa. Àwọn kan yóò fẹ́ 'ìléru', ṣùgbọ́n ìléru ń mú iná tí ń jó wá sọ́kàn, kò sì sí ohun tí ń jó níhìn-ín. Ààrò jẹ́ ibi tí a to nǹkan sí lọ́nà tí ooru yóò fi wúlò. Títò náà sì ṣe kókó: bí a kò bá to ohun inú ààrò átọ́ọ̀mù bí ó ti yẹ, ooru kò ní jáde, bí yùréníọ̀mù ibẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ bí yanrìn.

Bí níútírọ́nù bá wọ kókó átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù 235, kókó náà lè là sí méjì. Ooru a jáde, níútírọ́nù tuntun méjì tàbí mẹ́ta a sì fò jáde láti lọ la kókó mìíràn. Eré àwọn wọ̀nyí pọ̀ jù, èyí tí eré rẹ̀ bá sì pọ̀ jù kì í sábà rí kókó wọ̀. Dáńfó tí ó ń sáré kọjá Onípánù kò lè gbé èrò. Èyí tí ó bá dẹ eré ni èrò ń rí wọ̀. Omi lásán, omi wíwúwo tàbí gíráfáítì ni a ń lò láti dín eré níútírọ́nù kù, kí ó lè wọ kókó. Ohun náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'moderator', òun sì ni ìwé náà túmọ̀ sí 'ìjánu'.

Nínú gbogbo àṣìṣe inú ìwé náà, èyí ni ó bà wá lẹ́rù jù lọ. Ìjánu ni a ń fi dá ẹṣin dúró. Ẹni tí ó bá kà á yóò gbà pé ohun yìí ni ó ń rọ ààrò lójú, pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, ààrò yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí. Eré níútírọ́nù ni ó ń dín kù. Iṣẹ́ ààrò ni ó ń mú lọ síwájú. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín. Ní Oklo ní ilẹ̀ Gabon, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé rí i ní 1972 pé yùréníọ̀mù inú ilẹ̀ ti là fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, láìsí ẹni tí ó kọ́ ààrò kankan. Omi inú ilẹ̀ ni ó mú un ṣiṣẹ́. Bí ooru bá pọ̀ tí omi bá hó lọ, lílà a dúró. Bí ilẹ̀ bá tutù tí omi bá padà, lílà a tún bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá jẹ́ ìjánu, ìgbà tí ó lọ ni ó yẹ kí nǹkan gbóná sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Chernobyl, 26 oṣù kẹrin 1986. Nínú ààrò yẹn, gíráfáítì ni ó ń dín eré níútírọ́nù kù, omi ni ó ń gbé ooru lọ. Omi a sì tún máa gbé díẹ̀ mì nínú níútírọ́nù. Nígbà tí omi di ooru-omi, ohun tí ń gbé níútírọ́nù mì dín kù, ṣùgbọ́n gíráfáítì wà ní ipò rẹ̀ gbọn-in. Lílà kókó sì ń pọ̀ sí i. Òǹkàwé tí a ti kọ́ pé gíráfáítì jẹ́ ìjánu yóò bi wá léèrè bí ààrò tí ó kún fún ìjánu láti orí dé ẹsẹ̀ ṣe já gbà. A kò ní ní èsì fún un. Nínú ààrò olómi tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láyé, omi kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bí omi bá lọ, lílà dúró. Àǹfààní ńlá ni èyí, kò sì ṣeé sọ ní Yorùbá títí a ó fi ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀.

A dábàá 'adínrékù': àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- pẹ̀lú 'dín eré kù', bí a ti ṣẹ̀dá amúlétutù láti ara 'mú ilé tutù'. Eré inú rẹ̀ ni eré inú 'sáré' pẹ̀lú, òǹkàwé yóò sì béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé eré ta ni. Èsì rẹ̀ ni pé eré níútírọ́nù ni. Ìjánu kò ṣòfò. Ọ̀pá tí a fi bórónì tàbí kádímíọ̀mù ṣe, tí a ń tì bọ inú ààrò kí ó lè gbé níútírọ́nù mì, ni ìjánu tòótọ́: 'ọ̀pá ìjánu'. Ohun tí ń gbé ooru jáde, omi ni o, gáàsì ni o, irin yíyọ́ ni o, 'agbóoru' ni a pè é. Ìwé náà ti kọ 'amútutù', ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kí ààrò lè tutù nìkan ni a fi ń lò ó; ooru tí ó gbé ni yóò yí ẹ̀rọ tí ń fún wa ní iná.

6.0 Àwọn ààrò mìíràn

Ààrò kan ṣoṣo ni ó wà ní Nàìjíríà, NIRR-1, ní Yunifásítì Àmọ́dù Béllò ní Zaria. Láti 2004 ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30 kìlówáàtì, ooru ni ó sì jẹ́, kì í ṣe iná mànàmáná. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú díẹ̀ yóò jù ú lọ. Fún ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni a ṣe kọ́ ọ. Ní 2018 ni a yọ epo rẹ̀ àtijọ́ tí yùréníọ̀mù 235 inú rẹ̀ pọ̀ gidigidi, tí a dá a padà sí Ṣáínà, tí a sì fi èyí tí kò lè wúlò fún bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ààrò tí yóò fún ìlú ní iná, ìwé náà to oríṣi mẹ́rin sílẹ̀. A ó yára kọjá lórí ti omi wíwúwo, tí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ pé ó lè lo yùréníọ̀mù bí a ti wà á láti inú ilẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní 'ààrò ayára' mú wa rẹ́rìn-ín: ààrò kọ́ ni ó yára. Níútírọ́nù inú rẹ̀ ni a kò dín eré rẹ̀ kù, nítorí náà 'ààrò aláìládínrékù' ni. Ó lè sọ yùréníọ̀mù tí kò wúlò di epo. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù yíyọ́ ni agbóoru ọ̀pọ̀ nínú wọn, sódíọ̀mù kì í sì í bá omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ọ̀rẹ́. Ní Monju ní ilẹ̀ Japan, sódíọ̀mù jò ní 1995, ó sì gbiná.

'Ààrò oníyọ̀-yíyọ́' ni ẹ̀kẹta, níbi tí epo ti pò mọ́ iyọ̀ tí a ti yọ́. A dán an wò ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà láti 1965 sí 1969. Ṣáínà sì ti kọ́ kékeré kan sí Gansu, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ní ti tóríọ̀mù tí a ń pariwo rẹ̀, ìwé náà pè é ní epo. Kò tíì di epo. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba níútírọ́nù kan kí ó tó di yùréníọ̀mù 233 ní ìkẹyìn. 'Adepo' ni a pè é, ohun tí ń di epo.

Ẹ̀kẹrin ni ààrò tí ń lo èkùrọ́ TRISO, gíráfáítì sì ni adínrékù rẹ̀, gáàsì hílíọ̀mù sì ni agbóoru. Gúúsù Áfíríkà ná owó lé irú rẹ̀ lórí kí wọ́n tó pa á tì ní 2010. Ti Ṣáínà ní Shidao Bay bẹ̀rẹ̀ sí ta iná ní 2023. Kí a tó lè sọ àǹfààní rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ tún ṣe, ọ̀rọ̀ kékeré náà 'pa'.

Ìwé náà ní, 'bí ewu bá dé, a ó pa ààrò.' Ní èdè wa, iná tí a bá pa ti kú. Ààrò tí a bá pa iná rẹ̀, ọmọdé lè fọwọ́ kan eérú rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ààrò átọ́ọ̀mù tí a dá lílà rẹ̀ dúró ṣì ń mú nǹkan bí 6 tàbí 7 nínú 100 ooru rẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, yóò sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima ní oṣù kẹta 2011 nìyẹn: ọ̀pá ìjánu wọlé bí ó ti yẹ nígbà tí ilẹ̀ mì, lílà dúró, ṣùgbọ́n omi òkun ba ẹ̀rọ iná jẹ́, kò sí ohun tí yóò ti agbóoru, epo inú ààrò mẹ́ta sì yọ́. Nítorí náà a kọ 'dá lílà dúró' sí ipò 'pa', a sì sọ ooru tí ó kù ní 'ooru àṣẹ́kù'.

Ẹni tí ń gbé Bàrígà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí èyí fi kàn án. Ní ọdún 2024 nìkan, ètò iná orílẹ̀-èdè yìí wó lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ààrò kankan gbọ́dọ̀ jẹ́ pé, bí iná bá lọ, ta ni yóò gbé ooru àṣẹ́kù? A kọ́ ààrò onítíráísò kí ooru náà lè gba ara ààrò jáde sínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ tí ń fa omi. Lójú tiwa, àǹfààní yìí ju gbogbo ariwo tóríọ̀mù lọ. Ìwọ̀n pẹ̀lú ṣe pàtàkì: ètò iná tí ó sábà ń gbé nǹkan bí 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì kò lè fara da ààrò kan tí yóò dá 1,000 gbé, tí yóò sì dúró lójijì.

Atẹ̀wé náà dá pléètì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì gba owó ìdádúró. Àwọn olùkọ́ ti yí àwọn ojú-ìwé tí a mẹ́nu bà padà, wọ́n sì ti fi àlàyé àká kún ibi tí wọ́n ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pa kọ̀ǹténà rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni a kò rí ojútùú rẹ̀. Ààrò tí epo tí ó ń dá sílẹ̀ ju èyí tí ó ń lò lọ, 'ọlọ́mọ-yọyọ' ni wọ́n pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó ń bí. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde yìí, a sì ń retí àbá àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ tí ó bá ti dán òmíràn wò ní kíláàsì.